Kí N Rà Á Báyìí, Àbí Kí N Dúró?

Kọ̀ǹpútà kan wà ní igun pálọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọba, nílùú Ìwó. (Ìlú Ìwó gan-an ni mò ń wí o. Tí mo bá ti dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ará Ìbàdàn, Ìwó Road ni ọkàn wọn máa ń lọ.) Bùrọ̀dá mi ló tò ó pọ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń ra àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé, òmíràn tuntun, èyí tó pọ̀ jù tòkunbọ̀. Tìtorí géèmù ló ṣe tò ó, kì í ṣe tìtorí ìwé. Nígbà tó di àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé e lọ sí òkè Ọya, kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ mọ́tò, ó bá ní kí n máa tọ́jú rẹ̀. Bó ṣe di tèmi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá pè, kó tó béèrè àlàáfíà màmá wa, "Kọ̀ǹpútà mi ńkọ́?" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà yìí ń ṣe nílé wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, géèmù bọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò á kóra jọ, wọ́n á máa pariwo, èmi obìnrin yìí á sì máa na ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́sàn-án, irinṣẹ́ mi ni. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 2025, mo sì ń retí ìgbà tí màá wọ yunifásítì. Kí n má bàa jókòó lásán, mò ń to fídíò yìgì àti wòlímọ̀ pọ̀ fún àwọn tó bá gbé e wá, mo tún ń ṣe pósítà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bowen. Láàárọ̀ Sátidé, àbúrò mi obìnrin tó wà ní SS3 ló ni ín. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ́ máòsì, kó tó dáhùn ìbéèrè márùn-ún, aago á ti sáré lọ.

Ó ti tó ọdún kan tí kọ̀ǹpútà náà ti ń há. Nínú géèmù, bọ́ọ̀lù á kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni, a ò ní rí ọ̀nà tó gbà, inú àwọ̀n la ó ti bá a. Ìyẹn ṣì ń pa wá lẹ́rìn-ín. Èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín ni fídíò. Tí mo bá to fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ tán, ó máa ń gba àádọ́rin ìṣẹ́jú kí kọ̀ǹpútà tó yọ ọ́ síta ní odindi, iná ọba kì í sì í ṣèlérí àádọ́rin ìṣẹ́jú fún ẹnikẹ́ni. Tí iná bá lọ nígbà tó kù díẹ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré la máa ń tan. Gbogbo ìṣẹ́jú tí kọ̀ǹpútà fi ń ronú, epo bẹntiróòlù ni ó ń jó lẹ́yìnkùlé, oníbàárà kò sì ní fi kọ́bọ̀ lé owó tó máa san torí pé ó pẹ́.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Processor ni à ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, òun ló ń ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù 22 máa sá sí, bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ta padà lára òpó, àti ohun tí rẹfirí máa fọn fèrè sí. Tó bá ṣírò rẹ̀ tán, ó kan káàdì àwòrán láti ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sójú gíláàsì. Ẹ wò wọ́n bíi bíríkìlà àti akunlé. Tí bíríkìlà kò bá tíì mọ ògiri, kí ni akunlé fẹ́ kùn? Tí a bá sì fẹ́ kí géèmù máa lọ geere, àwòrán 60 ló gbọ́dọ̀ kọjá níwájú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé àwòrán kan kò gbọdọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 0.017 lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń náwó lé akunlé lórí nígbà tó jẹ́ pé bíríkìlà ló ń falẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ẹ wọ inú ètò géèmù náà, kí ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù, bóyá láti 1080p sí 720p. Ìyẹn dà bí ìgbà tí a fún akunlé ní ògiri kékeré. Tí iṣẹ́ bá yá sí i, akunlé ló ń fà á sẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Tí kò bá yá, ẹ lọ bá bíríkìlà. Tiwa ń ya àwòrán 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí mo dín in kù, ó di 43. Processor ń sáré dé góńgó agbára rẹ̀, káàdì RX 580 wa sì káwọ́ lẹ́rán. Kí n tó dé ibẹ̀, mo ti wá RAM 8GB kejì mọ́ èyí tó wà níbẹ̀, torí pé tí RAM bá jẹ́ méjì, processor lè máa bu nǹkan nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló gbé e kúrò ní 36 dé 41, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ryzen 3 1200 ni processor wa, èyí tí AMD gbé jáde ní 2017. Ọwọ́ mẹ́rin ló ní, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń di ohun kan ṣoṣo mú. Èyí tí ọkàn mi fẹ́ ni Ryzen 5 5600 tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ọwọ́ mẹ́fà ni tirẹ̀, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì lè di iṣẹ́ méjì mú pọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú processor yìí, méjìlá ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Oore tí AMD ṣe wá ni pé ìjókòó kan náà, AM4, ni èyí àtijọ́ àti èyí tuntun jọ ń jókòó sí, nítorí náà n kò ní pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Tòkunbọ̀ rẹ̀, ₦140,000 ni ẹni tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà dá lé e.

Bùrọ̀dá mi ní kí n má rà á. Ó ní kí n dúró, kí n kó owó jọ ra ti AM5, ìjókòó tuntun tí AMD bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, torí pé AMD ti ní àwọn máa bá a lọ di 2027 ó kéré tán, nígbà tí ọjọ́ ti ń lọ lórí AM4. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n AM5 kò gba RAM tí a ní, DDR5 nìkan ló ń gbà, kò sì sí bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó lè gbé e. Ilé tuntun ló ní kí n lọ kọ́, nígbà tó jẹ́ pé òrùlé ló ń jò. Ní ìparí 2025 pàápàá, owó RAM gbéra sọ káàkiri ayé, torí pé àwọn tó ń kọ́ ibùdó kọ̀ǹpútà ńláńlá fún AI ń rà á bí ẹni ń ra gààrí.

Mo tún rò ó pé ẹni tó bá ní òun ń dúró de èyí tó dára jù, ọjọ́ wo ló fẹ́ rà á? Ní 1965 ni Gordon Moore, ọ̀kan lára àwọn méjì tó dá Intel sílẹ̀ ní 1968, ti kọ̀wé pé iye ẹ̀yà wínníwínní tó ń wọ inú ègé sílíkónì kan ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Nígbà tó di 1975, ó tún un sọ pé ọdún méjì-méjì ni. Processor 4004 tí Intel gbé jáde ní 1971, nǹkan bíi 2,300 ni transistor inú rẹ̀. Tòní ti wọ bílíọ̀nù. Láti ìgbà náà wá, kò sí ọdún kan tí ẹnìkan kò lè sọ pé, "Dúró ná, òmíràn ń bọ̀."

Màmá mi ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà ka ibi tó ti le. Èésú kan wà tí èmi àti wọ́n jọ ń dá. Àwa mẹ́wàá ni, ₦15,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦150,000. Ó kàn mí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Tiwọn di oṣù karùn-ún. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Odò-Orí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sá gbodo, ìgbà náà ló sì máa ń dínwó. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, gbodo á wọ́n, ẹni tó bá ti rà á pamọ́ nìkan ló máa jèrè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀, kí àwọn kó tèmi ní oṣù kìn-ín-ní, kí n kó tàwọn ní oṣù karùn-ún.

Mo dákẹ́. Wọ́n rí i pé mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Gbodo ní àsìkò. Ṣé nǹkan tìrẹ yẹn náà ní àsìkò ni?"

Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀, mà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá ìdáhùn. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé nǹkan inú kọ̀ǹpútà kì í ní àsìkò, pé bí èèyàn bá ṣe ń dúró ló ń dínwó. Òótọ́ ni, lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi dọ́là náwó. Ẹ jẹ́ ká fi Ryzen 5 5600 yìí wò ó. Nígbà tó jáde ní 2022, $199 ni AMD dá lé e. Dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦416 nígbà náà ní iye tí ìjọba ń kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ìta ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: kò ju nǹkan bíi ₦83,000 lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ díyelé e. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Ká ní ẹnìkan ní sùúrù dé ìgbà náà, tí processor yìí sì ti já wálẹ̀ sí $130 lókè òkun. Inú ará Amẹ́ríkà tó dúró á dùn, ó jèrè $69. Ará Ìwó tó dúró pẹ̀lú rẹ̀ á san ₦195,000, owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ọjà kan náà, sùúrù kan náà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá gbọ́ ẹnikẹ́ni lórí fídíò tó ń sọ pé ká dúró kó dínwó, mo máa ń kọ́kọ́ wo irú owó tó wà nínú àpò rẹ̀.

Àmọ́ ṣá, n kò fẹ́ rẹ́ ara mi jẹ. Ní 2025, náírà kò já bọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó fẹsẹ̀ dúró díẹ̀. Tí mo bá sọ fún màmá mi pé tí mo bá dúró di oṣù karùn-ún, owó náà á di ìlọ́po méjì, irọ́ ni mo pa. Gbodo tiwọn dájú ju dọ́là tèmi lọ. Ọdọọdún ni òjò ń rọ̀.

Ohun kan tún ń tì mí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, processor wa kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 gbà. Ní ilé tí kò bá sẹ́ni tó ń kó nǹkan wọlé, kò burú. Ṣùgbọ́n fláàṣì àwọn èèyàn ló ń wọ kọ̀ǹpútà mi lójoojúmọ́, àwọn fláàṣì tó ti rìn dé ibi tí olówó wọn gan-an kò mọ̀.

Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, kì í dá sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi bírò ṣe ìṣirò lórí ìwé géńdù ìrànṣọ wọn, wọ́n bi mí pé, "Oníbàárà rẹ tó ń dúró de fídíò, ṣé ó béèrè orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Kí ló ń béèrè?" Mo ní kó yá ni. Wọ́n ní, "Ó dáa, yíyá mélòó?" Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀rọ wọn.

Yíyá mélòó? Èmi kò tíì bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. 5600 ni mo ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé láàárín òun àti èyí tí a ní, kò sí nǹkan mìíràn. Mo padà sórí àkọsílẹ̀ àwọn processor tí bọ́ọ̀dù B450 wa gbà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo rẹ̀ mọ́: Ryzen 5 2600, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Ọwọ́ mẹ́fà lòun náà ní, iṣẹ́ méjìlá. Kò yára tó 5600, ó tilẹ̀ jìnnà sí i, ṣùgbọ́n Windows 11 gbà á. Wọ́n ní tòkunbọ̀ rẹ̀ máa jẹ́ ₦55,000. Mo ní ₦68,000 lọ́wọ́ láti inú iṣẹ́ fídíò, láì fọwọ́ kan èésú.

Ohun méjì mìíràn ló tún gbè é lẹ́yìn. 1200, 2600 àti 5600, wátì 65 ni AMD kọ sí ara gbogbo wọn, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ wa kò ní sunkún. Èkejì ni ti BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó ń gbé inú bọ́ọ̀dù, tó ń jí kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Kí bọ́ọ̀dù ọjọ́ orí tiwa tó lè mọ 5600, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ BIOS náà di tuntun, tí iná bá sì lọ lákòókò yẹn, bọ́ọ̀dù náà lè kú pátápátá. Ní Ìwó! 2600 kò bèèrè irú ewu bẹ́ẹ̀, torí B450 ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é.

Mo sọ fún màmá mi pé kí wọ́n kó èésú oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí ó fi sú mi. Bùrọ̀dá mi ní tirẹ̀ bínú lórí fóònù. Ó ní mo lọ ra ohun ọdún 2018, pé ọdún méjì sí i màá tún rà á, pé owó ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ ná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó máa gba 1200 wa ní ₦18,000, ìjókòó AM4 sì ṣì wà níbẹ̀ fún 5600 lọ́jọ́ tí owó rẹ̀ bá dé. Owó ẹ̀ẹ̀mejì tí mo máa ná, mo ka ìyàtọ̀ rẹ̀ sí owó tí mo fi ra àsìkò gbodo fún màmá mi, kò sì wọ́n lójú mi.

Awakọ̀ kan ló bá mi gbé e láti Ìbàdàn, nínú páálí kékeré tí wọ́n fi fóòmù dì. Mo tan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìpara tó lẹ̀ mọ́ fáànù lè rọ̀, mo pa á, mo sì yí fáànù náà díẹ̀díẹ̀ kí n tó fà á sókè. Ẹsẹ̀ wínníwínní 1,331 ló wà lábẹ́ processor AM4, ẹni tó bá fi agbára fa fáànù lè fa processor tu pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì wọ́. Àbúrò mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Kò mí títí mo fi ti irin ìdè náà pa.

Géèmù ń ya àwòrán 59 sí 62 báyìí. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì, mo sì ti fi Windows 11 sí i. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ní ẹ̀rọ tó ń há ni mo fi ń nà wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo ṣì ń nà wọ́n.

Ìṣòro tó kù ni ti gbodo. Àpò mẹ́rin ni màmá mi rà, yàrá wọn sì ti kún, pálọ̀ ni wọ́n kó o sí, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an. Ìyẹ̀fun funfun ń bà lé fáànù mi lójoojúmọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sún un sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí èmi sún kọ̀ǹpútà. A ò tíì parí ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kan ni mo fi ń gbá a láràárọ̀.